Ìgbéyàwó Tú Ká: Bí Ẹ Ṣe Máa Pín Ilé, Ilẹ̀ àti Dúkìá ní Nàìjíríà

"Ilé tí èmi àti ọkọ mi jọ kọ́ ni mo ń gbé, ó ní kí n máa lọ. Ṣé wọn ò ní fún mi ní ìdajì ni?" Ìbéèrè yìí kì í tán. Àwọn ọkùnrin náà ní tiwọn: "Orúkọ ìyàwó mi ni mo fi ra ilẹ̀ náà, owó mi sì ni. Ṣé mo ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn?"

Ẹ jẹ́ ká tètè là á mọ́lẹ̀. Ní Nàìjíríà, kò sí òfin tó ní kí wọ́n dá dúkìá tọkọtaya sí méjì ọgbọọgba. Inú fíìmù ìlú òyìnbó ni ọ̀pọ̀ wa ti kó ìyẹn. Adájọ́ lágbára láti pín in bó bá ṣe rí i pé ó tọ́, àmọ́ ohun tó máa bi yín kò pọ̀. Irú ìgbéyàwó wo lẹ ṣe? Orúkọ ta ló wà lórí ìwé? Kí lẹ mú wá, ẹ̀rí rẹ̀ dà? Ìbéèrè kẹta yìí ló ń bá àwọn èèyàn lójijì, òun náà la máa pẹ́ lé lórí jù.

## Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kankan

- Ẹ má fìbínú kó jáde kí ẹ sì fi ìwé yín sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó padà wá gba ìwé lẹ́yìn oṣù kan sábà máa ń bá kọ́kọ́rọ́ tuntun lẹ́nu ọ̀nà.
- Ẹ má ju ẹrù ẹnì kejì yín síta. Òfin àpapọ̀ tó lòdì sí ìwà ipá, èyí tí wọ́n ṣe ní 2015, ka fífi ipá lé èèyàn kúrò nílé sí ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti sọ irú òfin bẹ́ẹ̀ di tiwọn. Ti Èkó ti wà láti 2007.
- Ẹ má ta nǹkan kan, ẹ má sì yí orúkọ orí ìwé padà ní kọ̀rọ̀. Adájọ́ tó bá rí i pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́ kò ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ yín gbọ́.
- Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan nípàdé ẹbí, kódà kó jẹ́ bàbá àgbà ló mú un wá. Ẹ ní ẹ máa kà á nílé.

Bí lílù bá ti wọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ ná. Ìwé ṣeé tún gbà.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe

Òun ló máa sọ kóòtù tí ẹ máa lọ àti òfin tí wọ́n máa fi dá ẹjọ́ yín.

Ìgbéyàwó kóòtù. Èyí ni ti rẹ́jísìrì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u ká. Òfin tó ń darí ẹ̀ ti wà láti 1970, ìpín 72 nínú ẹ̀ ló sì fún adájọ́ lágbára láti ya dúkìá sọ́tọ̀ fún ọkọ, ìyàwó tàbí àwọn ọmọ, bó bá ṣe tọ́ tó sì yẹ. Bí ìgbéyàwó náà kò bá tíì pé ọdún 2, ẹ máa kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù, àyàfi fún àwọn ẹ̀sùn kan bíi panṣágà.

Ẹ wo orí sátífíkéètì yín dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì fún èèyàn ni ìwé ìgbéyàwó lábẹ́ òfin. Àwọn míràn jẹ́ ìwé àdúrà ìbùkún lásán. Bí ìdáná ló ṣáájú, tó sì jẹ́ àdúrà nìkan ni ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ lẹ ní lọ́wọ́.

Ìdáná nìkan. Kóòtù ìbílẹ̀ ni, bíi ti Mápó n'Ìbàdàn. Owó rẹ̀ kì í pọ̀, ó sì máa ń yá ju Ilé Ẹjọ́ Gíga lọ. Àmọ́ lábẹ́ àṣà, ohun tí kálukú ní ló máa mú lọ. Wọ́n máa sọ̀rọ̀ ọmọ, owó oúnjẹ àti ẹrù tí wọ́n máa jẹ́ kí ìyàwó kó. Ilé tí orúkọ ọkọ nìkan wà lórí ìwé rẹ̀, ìyàwó ní láti fi ẹ̀rí hàn kedere pé owó òun wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá sì ti ní C of O (ìwé àṣẹ ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀), ìjà lórí ẹni tó ni ín ti kúrò lọ́wọ́ kóòtù ìbílẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga ni yóò gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ owó orí lè jẹ yọ. Iye rẹ̀ kì í tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ má jẹ́ kó gba gbogbo àkókò yín.

Yìgì. Ohun tí ìyàwó ní jẹ́ tirẹ̀, ti ọkọ jẹ́ ti ọkọ. Sàdáákì jẹ́ ti ìyàwó, àyàfi tó bá jẹ́ òun ló ní òun ń lọ tí wọ́n sì fi dídá a padà ṣe àdéhùn. Ọkọ ló máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ ní àsìkò ìdà, ìyẹn àkókò tí ìyàwó fi máa dúró kó tó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Ìyàwó tó bá fi owó sí ilé ọkọ lè béèrè owó rẹ̀, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá owó pọ̀ tàbí ẹni tó yáni lówó, torí náà ẹ̀rí náà la tún padà sí. Àwọn ìgbìmọ̀ Ṣàríà wà nílẹ̀ Yorùbá tí tọkọtaya lè fínnúfíndọ̀ gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ. Kò sẹ́ni tó lè fi dandan mú yín dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìdáná àti kóòtù pa pọ̀. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ṣe é nìyí, Ilé Ẹjọ́ Gíga sì lẹ máa lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù rèé: tọkọtaya tó ṣe ìgbéyàwó rẹ́jísìrì máa ń sáré lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ torí ó yá, wọ́n á gba ìwé, wọ́n á sì rò pé ó ti parí. Ìwé yẹn kò tú ìgbéyàwó wọn ká. Ẹni tó bá tìtorí ẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn ní rẹ́jísìrì ti kó sínú ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ gbogbo ohun tó wà sílẹ̀

Ẹ mú ìwé àjákọ kan, ẹ má kọ ọ́ sórí fóònù tí ẹnì kejì mọ nọ́ńbà tó fi ń ṣí i. Ní iwájú ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọdún tí ẹ ní in, orúkọ tó wà lórí ìwé, ẹni tó sanwó, àti ibi tí ìwé rẹ̀ wà.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé nìyí:

- ilẹ̀ tí ẹ rà tí ẹ kò tíì kọ́, pàápàá èyí tó wà lábúlé
- owó tó wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù
- ìpín nínú ilé iṣẹ́, àti orúkọ òwò tí ẹ fi sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀)
- ẹ̀rọ ilé iṣẹ́: ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìránṣọ, jẹnẹrétọ̀, fíríìsà ńlá
- owó tí wọ́n jẹ yín, àti gbèsè tí ẹ jọ jẹ

Gbèsè náà wà lára dúkìá. Bí ẹ bá ṣe onídùúró fún ọkọ tàbí aya yín ní báńkì, ìkọ̀sílẹ̀ kò yọ yín kúrò níbẹ̀. Báńkì kò mọ̀ pé ẹ ti jà.

Bí ẹ kò bá mọ orúkọ tó wà lórí ilẹ̀ kan, kí lọ́yà yín lọ wo àkọsílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀: Alausa ní Ìkẹjà fún Èkó, sẹkitéríàtì Agodi fún Ọ̀yọ́, Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta fún Ògùn. Ti ilé iṣẹ́, ẹ lè fi orúkọ rẹ̀ wá a fúnra yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kó ẹ̀rí jọ

Ní 1992, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ obìnrin kan tó ní òun bá ọkọ òun kọ́ ilé tí ọkọ náà ti tà. Àwọn adájọ́ ní ó yẹ kó ṣàlàyé irú ohun tó mú wá, kó sì sọ bó ṣe pọ̀ tó, kí kóòtù lè mọ̀ bóyá ó nípìn-ín nínú ilé náà. Kò ṣe é. Ó pàdánù ẹjọ́ náà, àwọn adájọ́ kékeré sì ń tọ́ka sí ìdájọ́ yẹn títí dòní.

Torí náà, "mo ràn án lọ́wọ́" kò tó. "Gbogbo ará àdúgbò ló mọ̀" kò tó. Ẹ sọ iye, ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ ẹni tó gbà á.

Ká sọ pé ẹja gbígbẹ ni ìyá kan ń tà, tó sì ń fi èrè rẹ̀ sí ilé tí ọkọ rẹ̀ ń kọ́. Bí ìwé àjákọ rẹ̀ ṣe yẹ kó rí nìyí:

- *Oṣù Kẹta 2019:* símẹ́ǹtì àpò 50, ₦130,000. Ẹ̀rí: mo san án láti àkáǹtì mi sí ti ẹni tó ń ta símẹ́ǹtì, ó wà nínú sítétímẹ́ǹtì báńkì.
- *Oṣù Keje 2019:* owó iṣẹ́ bíríkìlà, ₦80,000, kéṣì ni mo san. Ẹ̀rí: bíríkìlà náà ṣì wà ládùúgbò, ó ní òun máa jẹ́rìí.
- *Oṣù Kìíní 2020:* owó páànù, ₦400,000. Ẹ̀rí: ìwé tí mo fi yá owó lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù, àti bí mo ṣe fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi lọ́jọ́ kejì. Ó fèsì lórí WhatsApp pé "owó páànù ti wọlé, o ṣeun."

Ẹ wo ìlà kẹta yẹn dáadáa. Gbólóhùn kúkúrú tí ọkọ fúnra rẹ̀ kọ yẹn lágbára ju kí ẹlẹ́rìí mẹ́ta máa sọ pé àwọn gbọ́. Ẹ lọ wá irú rẹ̀ nínú fóònù yín lálẹ́ òní.

Bí ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀rí

1. Ẹ gba sítétímẹ́ǹtì báńkì fún gbogbo ọdún tí ẹ fi kọ́lé. Ẹ lọ sí báńkì fúnra yín, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú.
2. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́, ẹ má sì ta fóònù náà. Àwòrán ojú fóònù nìkan lè fa àríyànjiyàn. Òfin ẹ̀rí ti 2011 ní ohun tó máa ń béèrè kí kóòtù tó gba ohunkóhun tó ti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà jáde, lọ́yà yín ló máa ṣe ìwé ìyẹn.
3. Ẹ ya fọ́tò ìwé ilẹ̀, sọ́fè, rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ àti ìwé ọkọ̀. Bí ìwé náà kì í bá ṣe tiyín, ẹ yà á kí ẹ dá a padà síbi tó wà. Ẹni tó jí ojúlówó gbé ti fún ẹnì kejì ní ẹ̀sùn tó máa kà sí i lọ́rùn.
4. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀: bíríkìlà, káfíńtà, ẹni tó ta ilẹ̀, ẹni tó gbé yanrìn wá. Ẹ pè wọ́n báyìí, kí wọ́n tó kó lọ sílùú míràn.
5. Ẹ fi ẹ̀dà kan pa mọ́ síta ilé: lọ́dọ̀ àbúrò, lọ́dọ̀ lọ́yà, tàbí nínú ímeèlì tí ẹ̀yin nìkan ń ṣí.

Bí ìwé bá ti sọnù. Ẹ lọ jábọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù, kí ẹ wá gba ẹ̀dà tuntun lọ́wọ́ báńkì, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé owó oúnjẹ àti iléèwé lẹ ń san kí owó oṣù ẹnì kejì lè ráyè wọ ilé kíkọ́: ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Àwọn adájọ́ kan ti ka irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ sí, àwọn míràn sì ti kọ̀ ọ́. Lójú tèmi, ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni kí wọ́n má kà á sí, torí ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ilé ló jẹ́ kí ẹnì kejì rí owó fi pamọ́. Ṣùgbọ́n bí òfin ṣe rí lẹ máa bá pàdé ní kóòtù. Rìsíìtì owó iléèwé ọdún mẹ́wàá máa sàn ju kí ẹ dé ibẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

## Orúkọ ta ló wà lórí ìwé?

Orúkọ ẹ̀yin méjèèjì: ẹ jọ ni ín. Èyí ló rọrùn jù, torí ohun tó kù kò ju iye tó kan kálukú lọ.

Owó ìyàwó, orúkọ ọkọ: bí ìyàwó bá fi ẹ̀rí hàn pé owó òun ni, kóòtù lè sọ pé ńṣe ni ọkọ ń bá a tọ́jú rẹ̀.

Owó ọkọ, orúkọ ìyàwó: òfin sábà máa ń wò ó bí ẹ̀bùn. Bí ọkọ bá ní kì í ṣe ẹ̀bùn, òun ló máa fi ẹ̀rí hàn. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń bi wá ní ìbéèrè, ìdáhùn yín nìyẹn. Ó le, àmọ́ kò ṣàì ṣeé ṣe bí ìwé bá wà tó fi hàn pé ìdí kan pàtó lẹ fi lo orúkọ rẹ̀.

Ilé tí ẹ kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí: ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìyàwó ti ń sunkún. Bí ọkọ bá kọ́lé sínú agbo ilé bàbá rẹ̀, ilẹ̀ yẹn ṣì jẹ́ ti ẹbí. Kóòtù kò ní gé ilẹ̀ ẹbí fún ìyàwó tó ń lọ. Ohun tí ẹ lè béèrè ni owó tí ẹ fi síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nínú ìgbéyàwó tó dùn, kí ẹ tó fi owó yín sí irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ronú sí i.

Ẹ̀bùn àti ẹrù ìyàwó: ti ẹni tí wọ́n fún ni. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí orúkọ yín wà nínú ìwé rẹ̀ náà kò yàtọ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì: owó tó wà nínú RSA (àkáǹtì tí òṣìṣẹ́ ń fi owó ìfẹ̀yìntì pa mọ́ sí) kò ṣeé fà yọ bó ṣe wu èèyàn kí àsìkò rẹ̀ tó tó, ẹ má gbé gbogbo ìrètí yín lé e.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ dí ọ̀nà àtità

Bí ẹ bá fura pé ẹnì kejì ti ń wá oníbàárà:

1. Kí lọ́yà yín kọ lẹ́tà sí i, àti sí ẹni tó fẹ́ rà á bí ẹ bá mọ̀ ọ́n.
2. Kó fi ìwé ìkìlọ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀, kí ẹni tó bá wá wo àkọsílẹ̀ lè rí i.
3. Kó gba àṣẹ kóòtù pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ẹ tètè béèrè fún un, pa pọ̀ mọ́ ìwé ẹjọ́ fúnra rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe.

Àkọlé "Ilé yìí kì í ṣe títà" tí àwọn èèyàn ń kọ sára ògiri ń ṣèrànwọ́ díẹ̀, torí ó ń lé oníbàárà. Kò lè dúró fún àṣẹ kóòtù. Bí ẹjọ́ lórí ẹni tó ni ilé bá sì ti wà ní kóòtù, ẹni tó bá rà á ra ẹjọ́ mọ́ ọn.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gbìyànjú àdéhùn

Ẹjọ́ dúkìá lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, owó lọ́yà sì lè jẹ ìdajì ohun tí ẹ ń jà lé lórí. Bí kò bá sí ìwà ipá nínú rẹ̀, ẹ jókòó sọ ọ́. Ní Èkó, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ń bá èèyàn parí irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Lagos Multi-Door Courthouse wà fún èyí tó bá tóbi. Àgbà ẹbí náà lè ṣe é, bó bá jẹ́ ẹni tí kò ní gbè sẹ́yìn ọmọ tirẹ̀.

Lórí ilé, ọ̀nà tó wà nìyí:

- Kí ẹnì kan ra ti ẹnì kejì. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí òfin fún láṣẹ láti máa díye lé ilé díye lé e. Iye tí ejẹ́ǹtì àdúgbò bá pè kò tó ẹ̀rí.
- Kí ẹ tà á, kí ẹ pín owó. Bí àwọn ọmọ bá ti dàgbà, èyí ni mo fara mọ́ jù.
- Kí ẹni tó ń tọ́ àwọn ọmọ máa gbé ibẹ̀ títí wọ́n á fi dàgbà, kí ẹ wá tà á tàbí kí ẹ fún wọn. Adájọ́ náà lè pàṣẹ irú èyí. Bí ẹ bá fẹ́ fi fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ẹ yan àgbàlagbà tó máa bá a mójú tó o, kí ó wà nínú ìwé.
- Kí kálukú mú fúláàtì tirẹ̀. Ó dà bíi pé ó rọrùn. Àmọ́ ìwé kan ṣoṣo ló wà lórí ilé náà, kànga kan, géètì kan. Ìjà ò ní tán.

Èyí tó burú jù ni pé kí ẹ jọ máa gba owó ayálégbé láìsí ìwé. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹnì kan á ti máa gbà á nìkan.

Ohun tó gbọdọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn:

- dúkìá kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ń gbà á, pẹ̀lú àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà ìwé rẹ̀
- ọjọ́ tí ẹni tó ń kó jáde máa kó jáde
- ẹni tó máa san gbèsè wo
- ọjọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, àti ẹni tó máa sanwó rẹ̀
- ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan kò bá mú tirẹ̀ ṣẹ

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, kí lọ́yà gbé e lọ síwájú adájọ́ kó di ìdájọ́ kóòtù. Àdéhùn inú dúrọ́ọ̀ lásán, ẹ máa tún pẹjọ́ tuntun kí ẹ tó lè lò ó.

## Ìgbésẹ̀ 6: Bí ó bá di kóòtù

1. Ẹ béèrè fún dúkìá nínú ìwé ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ fi ń béèrè ìkọ̀sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń béèrè ìtúká àti ọmọ nìkan, wọ́n á ní àwọn máa sọ ti ilé tó bá yá. Láti mú un wọlé lẹ́yìn náà, ẹ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù, ó sì lè má bọ́ sí i.
2. Ẹ dárúkọ dúkìá kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i. "Kí kóòtù fún mi ní ẹ̀tọ́ mi" kò sọ nǹkan kan fún adájọ́.
3. Ẹ ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ kúrò lára dúkìá. Owó oúnjẹ àti owó iléèwé àwọn ọmọ kì í ṣe ìpín yín nínú ilé, ẹ lè béèrè méjèèjì.
4. Ẹ sọ òótọ́ lórí owó tó ń wọlé fún yín.
5. Ẹ má pa ọjọ́ ìjókòó jẹ. Adájọ́ lè gbọ́ ti ẹnì kejì nìkan kó sì dájọ́.
6. Ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, ìdájọ́ àkọ́kọ́ kò tíì parí ìgbéyàwó. Ó máa ń gba oṣù 3 kó tó di àṣepé. Ẹ má dá ọjọ́ ìgbéyàwó tuntun kí ẹ tó gba ìwé kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní owó lọ́yà, ẹ lọ bá FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, tàbí Office of the Public Defender ní Èkó.

## Ẹ̀yin tó wà ní Ìlú Ọba

Lẹ́yìn òkun lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdajì-ìdajì ni àwọn adájọ́ sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wọn lórí ohun tí tọkọtaya jọ kó jọ, bíbójú tó ilé àti ọmọ sì wúwo bí owó. Ṣùgbọ́n ìwé ìkọ̀sílẹ̀ nìkan kò pín nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ ní láti béèrè fún àṣẹ lórí owó àti dúkìá lọ́tọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ẹlòmíràn kó tó béèrè lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti tú yín ká ní Nàìjíríà ńkọ́, tí ilé wà ní London? Òfin wọn ti 1984 gbà pé kí ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ lókè òkun wá tọrọ ìpín níbẹ̀, bí ó bá ní ìsopọ̀ tó nípọn pẹ̀lú ilẹ̀ náà. Tọkọtaya ọmọ Nàìjíríà kan tó ti wà pọ̀ láti 1967, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Èkó tú wọn ká ní 2005, wọ́n fún ìyá náà láyè láti gbé ilé kan l'Ékòó títí ọjọ́ ayé rẹ̀, pẹ̀lú owó díẹ̀. Ó gbé e lọ sí London. Ní 2010, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ níbẹ̀ fọwọ́ sí i pé kó gba £275,000 nínú owó ilé tí ọkọ rẹ̀ ní ní London. Ẹ kọ́kọ́ bá lọ́yà tó mọ òfin ìlú méjèèjì sọ̀rọ̀ kí ẹ tó yan ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 7: Lẹ́yìn ìdájọ́

Kí ẹ tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ parí ìwé.

- Ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù fi òǹtẹ̀ lù, bíi mẹ́ta.
- Ẹ yí orúkọ orí ìwé ilẹ̀ padà. Ìdájọ́ kò yí i fúnra rẹ̀. Ẹ máa ṣe ìwé ìfinilẹ̀, ẹ máa sì gba ìfọwọ́sí gómìnà, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ti 1978 ṣe wí.
- Ẹ yí orúkọ inú ìwé ọkọ̀ padà. Bí ọkọ̀ tí ẹ ti fi sílẹ̀ bá gbá èèyàn, orúkọ tó wà lórí ìwé ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ wá.
- Ẹ lọ sí CAC bí ẹ bá jọ jẹ́ olùdarí ilé iṣẹ́.
- Ẹ yọ orúkọ ẹnì kejì kúrò gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ yín jù ní báńkì, níbi iṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì àti lọ́dọ̀ alájẹṣẹ́kù. Bí ẹ bá ti ṣe ìwé ìhágún, ẹ tún un kọ.
- Ẹ pa àkáǹtì tí ẹ jọ ní, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí báńkì tí ẹ ti ṣe onídùúró. Wọ́n lè kọ̀ láti yọ yín títí wọ́n á fi rí onídùúró míràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín pé wọ́n ti gbà á.